Wọ́n pè mí ní hipster. Ṣé èébú ni àbí ìyìn?

Ọmọ_Ìta_Ẹlẹ́wà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Mo ní ìbéèrè kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù.

Ìkòròdú ni mò ń gbé. Mo dá irùngbọ̀n sí, awò ojú mi rí róbótó, àdìrẹ ni mo sábà máa ń wọ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ tí télọ̀ bá mi dín kù lẹ́sẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń gùn dé èbúté Ìpakodò kí n tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbi iṣẹ́. Nílé, àwo tí bàbá àgbà mi fi sílẹ̀ ni mò ń gbọ́. Sákárà Yusuf Olatunji ló pọ̀ jù níbẹ̀, àpàlà Haruna Ishola tẹ̀ lé e.

Níbi iṣẹ́, wọ́n ní hipster ni mí, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Nínú ẹbí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti ní kí wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Lójú ọ̀nà Ṣágámù, àwọn tó ń dá mọ́tò dúró ní ọmọ Yahoo ni mí, wọ́n ní kí n ṣí fóònù mi. Èmi kan náà nìyí o, nínú aṣọ kan náà.

Wòlíì àti Yahoo yé mi. Èyí tí wọ́n ń pè ní hipster yìí ni kò yé mi. Kí ni wọ́n rí lára ènìyàn tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀? Ṣé ó yẹ kí n bínú?

Kò_Kàn_Mí
Ra mọ́tò. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Adé_Peckham
Àbúrò, má dá a lóhùn. Jẹ́ kí n sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé àwọn tó pè ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an kò mọ̀ ọ́n.

Ọwọ́ àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ni nǹkan yìí ti wá. Àwọn olórin jáàsì ní Harlem, àdúgbò àwọn ènìyàn dúdú ní New York, ní ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ tiwọn láàárín ara wọn, débi pé Cab Calloway, olórí ẹgbẹ́ olórin, kó àwọn ọ̀rọ̀ náà jọ sínú ìwé pélébé kan ní 1938 kí àwọn ará ìta lè rí i kà. Àwọn ọmọ òyìnbó tó ń lọ sí ilé ijó wọn lóru bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bíi tiwọn, wọ́n ń múra bíi tiwọn. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1940, òyìnbó kan tó ń tẹ dùùrù, Harry Gibson, ti fi "the Hipster" kún orúkọ ara rẹ̀, òun ni wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri tó bá fẹ́ ṣeré. Ní 1957, òǹkọ̀wé òyìnbó kan, Norman Mailer, kọ àpilẹ̀kọ gígùn kan tó fi yin irú òyìnbó bẹ́ẹ̀, pé ó ń gbé ayé bí ọmọ dúdú. James Baldwin, òǹkọ̀wé dúdú tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó sì jẹ́ ọmọ Harlem gan-an, kò gbà fún un rárá.

Ìdí tí mo fi ń ṣàlàyé lọ́ bẹ́ẹ̀ ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni nǹkan kan ti wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Hipster ni ẹni tó lọ mú ìṣe ẹlòmíràn wọ̀, tó sì lè bọ́ ọ sílẹ̀ tí ilẹ̀ bá mọ́. Ọmọ dúdú tó ń lù fún wọn kò lè bọ́ tirẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ náà wọlé lọ fún ìgbà pípẹ́. Ìparí àwọn ọdún 1990 ló tún jáde, ní Williamsburg, ní Brooklyn, ní New York. Àwọn ará Puerto Rico, àwọn ará Poland àti àwọn Júù onírun ẹ̀gbẹ́ etí ló ń gbé àdúgbò náà. Ilé iṣẹ́ tó ti kógbá sílé pọ̀ níbẹ̀, owó ilé kò wọ́n, tí èèyàn bá sì wọ ọkọ̀ ojú irin, ibùdó kan péré ló kù kó dé Manhattan. Ni àwọn ayàwòrán àti olórin bá ń kó wá. Wọ́n dé fìlà àwọn awakọ̀ àjàgbé, wọ́n ń mu Pabst Blue Ribbon tó jẹ́ bíà àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ tí kò ní jíà, wọ́n ń ra àwo orin. Kò sí ẹni tó bá wọn wí. Àmọ́ ní 2005, ìjọba ìlú yí òfin ilẹ̀ etí odò ibẹ̀ padà, ilé gogoro bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, owó ilé gbẹ́nu sókè, àwọn ayálégbé àtijọ́ ń kó ẹrù jáde. Ìgbà yẹn ni orúkọ náà korò pátápátá. Kì í ṣe irùngbọ̀n ló mú un korò.

Níbí ní London náà, ní September 2015, àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn nítorí owó ilé da ọ̀dà sára ṣọ́ọ̀bù kan ní Brick Lane. Kí ni ṣọ́ọ̀bù náà ń tà? Síríà. Síríà tí ọmọ ilé ìwé ń jẹ láàárọ̀ ni wọ́n ń bù sínú abọ́, tí wọ́n ń tà bí ìgbà téèyàn ra odidi páálí.

Kò_Kàn_Mí
Ta ló fẹ́ lé ẹnikẹ́ni jáde ní Ìkòròdú? Àwa fúnra wa, owó ilé ló lé wa dé ibí.

Ìyá_Bélì_Sábó
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń ta ọ̀kíríkà sọ tèmi. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ṣọ́ọ̀bù.

Tí mo bá fẹ́ ṣí bélì, àwọn ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n á ti dúró kí n tó já okùn. Wọn kì í wo búláòsì tuntun. Ṣẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà òyìnbó, tó kún fún òdòdó, tí kọ́là rẹ̀ gùn bí etí ewúrẹ́, òun ni wọ́n ń ṣà. Tẹ́lẹ̀, irú rẹ̀ ló máa ń kù sílẹ̀ tí mo fi ń nu tábìlì. Ọmọ mi ló fi hàn mí lórí Instagram. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n fún ọmọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan wọ̀, wọ́n kọ "vintage" sí i. Owó tí wọ́n lé e lórí, mo ní kí ọmọ mi tún un kà. N kò bínú o. Mo kàn fi owó kún tèmi náà lọ́jọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mo ti rí nídìí iṣẹ́ yìí. Mo ní oníbàárà kan, tíṣà ni. Tó bá ra aṣọ lọ́wọ́ mi, ó máa ń ní kí n dì í sínú ọ̀rá dúdú, kí ọmọ ilé ìwé rẹ̀ má baà rí i. Òmíràn máa ń tú lébẹ́ẹ̀lì kúrò lọ́rùn aṣọ níwájú mi, ó lóun á gbé e lọ fún télọ̀ kó lẹ tiẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ti Instagram ní tiwọn, iwájú bélì ni wọ́n ti ń ya fọ́tò, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé Sábó ni wọ́n ti rí i. Ọ̀nà Kọ̀tọ́nù kan náà ni gbogbo rẹ̀ gbà wọlé, ọjà tí ìjọba fòfin dè ni gbogbo rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó máa pe tíṣà yẹn ní hipster láéláé. Ọmọ, ìdáhùn rẹ nìyẹn. Ẹni tó bá ní aṣọ mìíràn nílé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Ìta_Ẹlẹ́wà
Ẹ ṣé gan-an, mà. Èyí wọ̀ mí lára. Òótọ́ ni, mo ní aṣọ mìíràn nílé. Mo lè wọ bọ́ọ̀sì náà, mo kàn fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ ni.

Àkànní_1953
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ ń sọ ọ́ bí ẹni pé àná ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a wà ní ọ̀dọ́, láàárín àwọn ọdún 1970, ṣòkòtò bọ́ńgò ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó ń gbá ilẹ̀. Bàtà gogoro, irun Áfúrò tí a máa ń fi kóòmù onígi há. A kì í ṣe ọmọ olówó, ọmọ iṣẹ́ ni wá ní Lagos. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè wá? Ọmọ Fẹlá. Bí o kò tiẹ̀ dé Kàlàkútà rí, bí o kò fa sìgá kan rí láyé rẹ, ọmọ Fẹlá ni ọ́, ìyẹn ni pé igbó lò ń mu, o ò sì gbọ́ ti òbí. Ní February 1977 tí àwọn sójà sun ilé Fẹlá, ọ̀pọ̀ nínú wa ló gé irun lọ́sẹ̀ yẹn. Bàbá tèmi fúnra rẹ̀ ló mú sísọ́ọ̀sì. Kò bá mi jà, ó kàn ní kí n jókòó.

Ìyá Bélì sọ òótọ́, ṣùgbọ́n kò kárí. Àwa kò ní aṣọ mìíràn nílé. Bọ́ńgò yẹn nìkan ni mo ní.

Mo fẹ́ bi ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ní nǹkan kan. Yusuf Olatunji tí ò ń gbọ́ yìí, tí a ń pè ní Bàbá Lẹ́gbà, 1978 ló kú. Èmi ti dàgbà nígbà náà. Ká sọ tòótọ́, àwa ọ̀dọ́ kì í gbọ́ ọ. Orin àwọn bàbá wa ni, a máa ń sá kúrò nílé tí wọ́n bá ti gbé e sí i. Ìwọ tí a kò tíì bí nígbà náà, ṣé o ń gbọ́ ohun tó ń wí? Ó ń ki ènìyàn nínú orin yẹn, ó ń dárúkọ ìdílé, ó ń pa òwe, ó ń bú ẹlòmíràn lábẹ́lẹ̀. Àbí dídún tí abẹ́rẹ́ ń dún ṣẹrẹṣẹrẹ lórí àwo nìkan lò ń gbádùn?

Ọmọ_Ìta_Ẹlẹ́wà
Bàbá, ẹ kú àtijọ́, sà. Mi ò ní purọ́ fún yín. N kì í gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo máa ń gbé àwo dúró, kí n pe ìyá àgbà mi lórí fóònù, kí n kọ ọ́ fún wọn bí mo ṣe gbọ́ ọ, wọ́n á ní, "Kì í ṣe bó ṣe wí nìyẹn, ọmọ mi." Àwọn tí ó ń kì nínú orin náà, ìyá àgbà mọ ọmọ wọn.

Ṣadé_Ìṣirò
Ẹ jẹ́ kí n mú yín rẹ́rìn-ín díẹ̀. Onímọ̀ ìṣirò kan wà tó ń jẹ́ Jonathan Touboul, ní Brandeis University ní Amẹ́ríkà. Ó fi ìṣirò wádìí ìdí tí gbogbo ẹni tó lóun kò fẹ́ jọ ẹnikẹ́ni fi máa ń jọ ara wọn. Èsì rẹ̀ rọrùn. Ká ní àwọn kan ti pinnu pé òdìkejì ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń ṣe ni àwọn á máa ṣe. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe kì í tètè dé etíìgbọ́ wọn, ó máa ń pẹ́ díẹ̀. Nítorí ìpẹ́ yẹn, ìgbà kan náà ni gbogbo wọn máa ń gbọ́, ìgbà kan náà ni wọ́n máa ń yí, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì máa ń yí sí. Gbogbo wọn dá irùngbọ̀n sí. Tó bá yá, wọ́n á rí i pé irùngbọ̀n ti kún ìgboro, gbogbo wọn á jọ fá a.

Ibi tí ẹ̀rín wà nìyí. Ní 2019, MIT Technology Review kọ ìròyìn nípa ìwádìí yìí, wọ́n sì fi fọ́tò ọkùnrin onírùngbọ̀n kan sí i, tó dé fìlà òwú, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì onílà. Ọkùnrin kan kọ̀wé sí wọn tìbínútìbínú pé fọ́tò òun ni, pé wọn kò gbàṣẹ lọ́wọ́ òun, pé wọ́n ba òun lórúkọ jẹ́. Àwọn oníwèé ìròyìn náà sáré lọ bèèrè lọ́wọ́ Getty Images tí wọ́n ti mú fọ́tò náà. Kì í ṣe òun. Ẹlòmíràn pátápátá ni! Ọ̀gbẹ́ni náà kò dá ojú ara rẹ̀ mọ̀ mọ́.

Kò_Kàn_Mí
Mo ti ń rẹ́rìn-ín láti àná.

Mùkáílà_Agric
Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi ní irun dàda, a bí i mọ́ mi ni, ìyá mi lè jẹ́rìí. Ní Lekki tí mò ń lọ ṣiṣẹ́, àwọn ọmọbìnrin á ní, "O jọ àwọn alté o." Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ alté, àwọn olórin Lagos kan ni, bíi Odunsi, Lady Donli àti Cruel Santino, tí wọ́n ń kọrin bó ṣe wù wọ́n, tí wọ́n sì ń múra bó ṣe wù wọ́n. Láti 2014, tí Boj ti ẹgbẹ́ DRB fi ọ̀rọ̀ náà sínú orin, ni orúkọ yẹn ti ń tàn kálẹ̀. Ìyìn ni lẹ́nu wọn. Tí mo bá dé Agric, irun kan náà ti di ẹ̀rí pé olè ni mí.

Kì í ṣe ẹnu lásán ni mo fi ń sọ ọ́. Ní June 2020, Amnesty International gbé ìròyìn jáde lórí SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti olè, ẹjọ́ 82 ni wọ́n kọ síbẹ̀, láti January 2017 títí di May 2020. Àwọn tí wọ́n ń mú jù ni ọmọkùnrin tó ní dàda, tó fín ara, tó wọ jíìnsì yíya, tàbí tó gbé fóònù olówó ńlá dání. Ní October ọdún yẹn ni wọ́n tú SARS ká. Àmọ́ ojú tí wọ́n fi ń wo irun wa kò tú ká pẹ̀lú rẹ̀. Èmi ti wá ń dé fìlà tí mo bá ti ń bọ̀ nílé, àní nínú oòrùn.

Nítorí náà, àbúrò, tí wọ́n bá pè ọ́ ní hipster, dúpẹ́. Òun ni orúkọ tí kò ní owó béèlì nínú.

Adé_Peckham
@Mùkáílà, o ti sọ ọ́ dé ibi tí èmi kò lè sọ ọ́ dé. Máa ṣọ́ra o.

Irun_Òwú
Ṣé ọkùnrin nìkan ló wà níbí ni? Èmi máa ń di irun mi lówú, òwú dúdú bíi tàwọn ìyá wa, mi ò sì kí í kun àtíkè. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe é, kò sẹ́ni tó pè mí ní hipster tàbí alté ní Ìkòròdú yìí rí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá kan fà mí sẹ́yìn ilé, ó bi mí pé ṣé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ mí ni. Òmíràn ní kí n jọ̀ọ́, òun á fún mi lówó wíìgì. Nínú ẹbí, "Bóyá ìdí nìyẹn tí ọkọ kò fi tíì wá." Ọkùnrin tó bá múra bíi bàbá àgbà rẹ̀, wọ́n á ní ó ní ọgbọ́n orí. Obìnrin tó bá ṣe irun ìyá àgbà rẹ̀, àánú rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe.

Ìyá_Bélì_Sábó
Ìwọ ọmọ yìí, tó o bá wá sí Sábó, bèèrè mi. Ó wù mí kí n rí irun náà. Ìyá mi ló máa ń di tèmi.

Tọ́lá_Ọdọ́gúnyàn
Mo fẹ́ ta ko Bàbá Àkànní àti Ìyá Bélì díẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ rántí àwọn Ikorodu Bois tiwa níbí. Àwọn ọmọ yẹn ń fi ohun tí wọ́n rí nínú ilé tún fídíò orin àti fíìmù ilẹ̀ òkèèrè ṣe. Ohun tó bá wà nílẹ̀, ìbáà ṣe ìkòkò, ni wọ́n fi ń dípò mọ́tò, ìbọn àti hẹlikópítà. Ní 2020, Netflix rí i, wọ́n sì fi kámẹ́rà àti ohun èlò ránṣẹ́ sí wọn. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní hipster, torí gbogbo ayé mọ̀ pé àìní ló fà á. Títí dé ibí, mo gbà pẹ̀lú Ìyá Bélì.

Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí wọ́n ti ní kámẹ́rà, tí wọ́n bá tún mú ìkòkò, kí ni a ó pè é? Èmi kò rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn ní ohun mìíràn nílé kó sì tún yan ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń fi aṣọ tíṣà yẹn ṣe ẹ̀fẹ̀ ni mo lè bá jà. Ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tó ń wọ àdìrẹ nílùú rẹ̀, tó sì ń gbọ́ orin tí wọ́n fi ki ìdílé àwọn ará ilé rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fi máa ń dá wọn mọ̀. Àbúrò, dá mi lóhùn láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ká ní gbogbo ọmọkùnrin Ìkòròdú jí lọ́la tí wọ́n dá irùngbọ̀n sí, tí wọ́n lo awò róbótó, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí èbúté, tí sákárà sì ń dún ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù láti Gáréèjì dé Sábó. Èwo nínú rẹ̀ lo máa jù sílẹ̀?

Kò_Kàn_Mí
Háà! Ó ti mú un.

Ọmọ_Ìta_Ẹlẹ́wà
Ẹ jọ̀ọ́, mo lọ rò ó ni, òun ni mo fi pẹ́.

Awò ojú, mo máa pààrọ̀ ẹ̀. Kí n má tan ara mi, ọjọ́ tí mo rí ẹni tó lo irú rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, inú mi bà jẹ́ díẹ̀, n kò sì mọ ọkùnrin náà rí. Irùngbọ̀n náà ṣeé ṣe kó lọ. Kẹ̀kẹ́, rárá. Tí gbogbo èèyàn bá ń gùn ún, bóyá àwọn onímọ́tò á fi etí ọ̀nà sílẹ̀ fún wa. Àdìrẹ, rárá.

Sákárà ni mo máa fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ jù, torí tara mi. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tí mo fi ń lu àwo ti ń kú lọ, ó ti ń fo lórí orin. Kò sẹ́ni tó ń tà á ní Ìkòròdú, ẹni tí mo bá ní Lagos sì ń pe iye kan fún mi torí ó ti wo irùngbọ̀n mi. Tí gbogbo ìlú bá ń gbọ́ ọ, ẹnì kan á ti pàtẹ abẹ́rẹ́ ní Sábó.

Àkànní_1953
Irú ẹ̀rọ wo ni? Èyí tí ń yí pẹ̀lú bẹ́líìtì àbí èyí tí mọ́tò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ gan-an? Ya fọ́tò orí abẹ́rẹ́ náà sí mi nínú ìkọ̀kọ̀. Mo ní ẹ̀rọ méjì tó ti kú ní yàrá ẹ̀yìn, orí ọ̀kan kò tíì bàjẹ́. Mi ò tà á o. Wàá kàn gbé àwo Bàbá Lẹ́gbà wá, a ó jọ gbọ́ ọ, n ó sì sọ ẹni tó ń bú fún ọ.

Kò_Kàn_Mí
Bàbá, ṣé mo lè bá a wá?